Nítorí Eré, Leandro Fi Ẹnu Pa Ìyá Rẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ fa àga mọ́ra. Ẹnu ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí gan-an ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nídìí tábìlì ìdáná mi ní Buenos Aires níhìn-ín. Òun ń sunkún, èmi ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tó yá, èmi náà bá a sunkún. Ó ní kí n bá òun sọ ọ́ fáráyé. Ẹnu mi kò sì gba ẹrù ẹlẹ́rù pamọ́, kẹ́ ẹ mọ̀.

Leandro Bustos lorúkọ ọmọkùnrin náà. Ó ga, ó dára lọ́kùnrin, eré ìtàgé sì ń pa á bí ebi ṣe ń pa ọmọ ọ̀dọ̀. Ìlú Azul ló ti wá. Ofelia ìyá rẹ̀ ń dín pastelito tà níbẹ̀, ìpápánu ṣúgà yẹn tí kì í jẹ́ kí aṣọ èèyàn mọ́. Bàbá rẹ̀ ti kú nígbà tó wà ní kékeré. Òun àti ìyá rẹ̀ náà ni wọ́n kù síra wọn.

Lẹ́yìn tí àwọn sójà gbéjọba sílẹ̀ ni. Ẹnu gbogbo wa ti tú, eré sì ń hù káàkiri ìlú bí olú lẹ́yìn òjò. Ní àdúgbò Villa Crespo, ní kílọ́ọ̀bù àwọn Júù kan, Doña Perla ń wá ẹni tó máa kó ipa kan nínú eré tuntun rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni Doña Perla, sìgá kì í kúrò lẹ́nu rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì tó ti ọ̀gá ọlọ́pàá.

"Ṣé Júù Ni Ẹ́?" lorúkọ eré náà. Ẹ wá wo àwàdà! Aṣọ́lé kan wà nínú rẹ̀ tó kórìíra Júù ju àìsàn lọ. Bí òjò bá rọ̀, Júù ló fà á. Bí omi ẹ̀rọ ò bá yọ, Júù ló mu ún. Ó ń ti yàrá dé yàrá, ó ń bi àwọn ayálégbé pé, "Ṣé Júù ni ẹ́?" Wọ́n fẹ́ mú un bínú, gbogbo wọn bá ń dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, títí kan ará Ítálì, títí kan àbúrò fádà. Beni nìkan ni Júù tòótọ́ nínú ilé náà, òun nìkan ni aṣọ́lé fọkàn tán, tó ń pè ní "ọmọ mi," nítorí pé ojú rẹ̀ kò jọ ti Júù.

Ipa Beni ni Leandro wá dán wò. Nígbà tó ṣe é tán, Doña Perla gbàgbé láti gbọn eérú sìgá rẹ̀.

"Orúkọ ẹ?"

"Leandro Bustos, mà."

"Bustos. Hùn-ún." Ó mí kanlẹ̀. "Ọmọkùnrin, o ṣe é débi pé inú ń bí mi. Ṣùgbọ́n nínú eré yìí, Júù ló máa fi Júù ṣe yẹ̀yẹ́. Tí èmi bá bú bàbá mi, àwàdà ni. Tí ìwọ bá bú u, ìjà dé. Ṣé Júù ni ẹ́?"

Ìdáhùn tó yẹ ò ju ọ̀rọ̀ kan lọ. Rárá, mà. Kó gbé báàgì ẹ̀, kó máa lọ.

"Màmá mi ni Júù, mà."

Lọ́dọ̀ wọn, ìyá ni wọ́n ń wò. Ẹni tí ìyá rẹ̀ bá jẹ́ Júù, Júù ni, kódà kí bàbá rẹ̀ jẹ́ póòpù. Bẹ́ẹ̀ Ofelia tí mo ń sọ yìí, àmì Màríà Wúńdíá ti Luján kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, ì báà jẹ́ nínú omi ìwẹ̀.

Doña Perla bojú wò ó. "Kí ló dé tí o ò tètè sọ bẹ́ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí? Wá lọ́la."

Don Isidoro ló ń ṣe aṣọ́lé. Télọ̀ àgbà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Láti Poland ni wọ́n ti fi òun nìkan sínú ọkọ̀ ojú omi nígbà tó wà lọ́mọdé. Irun imú tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn lójú fún eré náà dúdú bí ìdí ìkòkò. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bú Júù lórí ìtàgé, ẹ̀rín á fẹ́rẹ̀ẹ́ pa àwọn Júù tó jókòó.

Leandro bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, báwo lẹ ṣe ń rí ìkórìíra yẹn sọ tó bẹ́ẹ̀?"

"Ó dùn, àbí? Àtikékeré ni wọ́n ti ń sọ ọ́ sí mi lára. Ẹni tí wọ́n nà ló mọ bí pàṣán ṣe ń dún."

Leandro rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò bá a rẹ́rìn-ín. Òun náà mọ ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn sórí. Nídìí tábìlì àbúrò bàbá rẹ̀ ní Azul ló ti gbọ́ wọn, lápá ibi tí àwọn èèyàn ti ń rẹ́rìn-ín.

Bàbá àgbà náà ń dá gbé. Kò pẹ́ tó fi sọ Leandro di ọmọ. Gbogbo alẹ́ Ẹtì, á ní, "Ọmọ, ọbẹ̀ adìẹ ń bẹ, èmi nìkan ò lè dá a jẹ." Wọn á jẹun, wọn á da ọ̀rọ̀ eré sọ, bàbá á tún bọ́tìnnì aṣọ Leandro rán láì jẹ́ pé ó ní kó bá òun rán an. Ọmọ tí kò ní bàbá, ẹ sáà mọ bí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe ń rí lára.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan ni bàbá sọ pé, "Èyí tó ń bọ̀, mú màmá ẹ dání. Ẹni tó bí irú ẹ, ó yẹ ká bọ̀wọ̀ fún un."

Leandro dá síbí rẹ̀ dúró. Ó rí àmì Màríà yẹn lójú inú rẹ̀, ó ń tàn yanran lókè àwo ọbẹ̀ Júù.

"Ó ti kú, bàbá."

Ẹ̀yin ọmọ mi, bó ṣe jáde nìyẹn! Ìyá tó wà ní Azul tó ń pọ ìyẹ̀fun lọ́wọ́!

Don Isidoro fi síbí lélẹ̀. "Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ìgbà wo?"

"Oṣù kẹfà. Ọjọ́ kẹrìnlélógún."

Ọjọ́ yẹn ni wọ́n ń dáná ńlá níta fún Jòhánù Mímọ́ ní ìlú wọn. Òun ló kọ́kọ́ sọ sí i lẹ́nu.

Bàbá ti àwo rẹ̀ sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ pé, "O mọ ọjọ́ náà. Olówó ni ẹ́. Èmi ò mọ ti ìyá mi. Ibùdó rélùwéè ni mo fi í sílẹ̀ sí, ó ń fi ìborùn juwọ́ sí mi. Ogun dé, wọ́n kó gbogbo Júù ìlú wa lọ pa. Mo bi ẹni gbogbo tó là á já. Kò sẹ́ni tó mọ ibi, kò sẹ́ni tó mọ ọjọ́. Níbo ni mo wá fẹ́ gba àdúrà rẹ̀ sí nínú ọdún?"

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Kádíṣì ni wọ́n ń pe àdúrà tí ọmọ ń gbà fún òbí rẹ̀ ní àyájọ́ ọjọ́ tí òbí náà kú. Èèyàn kì í dá a gbà. Ọkùnrin Júù mẹ́wàá gbọ́dọ̀ pé. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́sàn-án, wọ́n kàn jókòó ni. A kì í sì í gbà á fún alààyè láéláé. Ta ló ń fi ìyá rẹ̀ dán irú ìyẹn wò?

"Oṣù tó ń bọ̀ ni oṣù kẹfà," ni Don Isidoro wí, ojú rẹ̀ sì ń tàn bí ojú ọmọdé. "A óò gbà á fún màmá ẹ. Bí o bá sì yọ̀ǹda, ọmọ mi, màá pa ti ìyá tèmi mọ́ ọn. Kí òun náà ní ọjọ́ kan láyé. Àbí o ò fẹ́?"

Kí ló fẹ́ sọ? Ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ tó lè sọ.

"Mo fẹ́, bàbá."

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ bá Doña Perla pé kóun jẹ́wọ́.

"Mà, mo fẹ́ sọ nǹkan kan."

"Bó bá jẹ́ owó, kò sí. Bó bá jẹ́ ìfẹ́, mo ti dàgbà. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ eré, sọ ọ́ kíá."

"Kò sí nǹkan, mà."

Ofelia náà kò jẹ́ kó gbádùn. Ilé apòògùn tó wà ládùúgbò rẹ̀ ló ti máa ń lo tẹlifóònù.

"Ìgbà wo ni mò ń bọ̀ wá wo eré ẹ?"

"Ẹ má wá o, Màmá. Eré náà ò dáa."

"Eré tí ọmọ mi wà nínú ẹ̀? Má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́! Èwo ni kò dáa?"

"Ẹ dúró kí n ránṣẹ́ pè yín."

"Ṣé o ń rí oúnjẹ jẹ ṣá? Ohùn ẹ gbẹ."

Ọjọ́ náà pé. Otútù ń gé èèyàn bí abẹ. Nínú sínágọ́gù kékeré tó wà lẹ́yìn kílọ́ọ̀bù, àwọn bàbá ń fi ọwọ́ ra ọwọ́. Àbẹ́là kan wà nínú ife lórí tábìlì, ti Ofelia. Èkejì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ti ìyá Don Isidoro. Wọ́n wá ń wò ó bóyá àwọn pé mẹ́wàá. A kì í ka ọmọ fún òbí, àwọn náà kì í sì í ka èèyàn ní oókan èjì. Ẹsẹ Sáàmù kan tó ní ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lédè wọn ni wọ́n fi ń kà á, ọ̀rọ̀ kan fún orí kan. Ó ń ti orí dé orí. Èyí tó gbẹ̀yìn, "títí láé," bọ́ sórí Leandro.

Don Isidoro lu ọwọ́ pọ̀. "Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì wá! Ọmọ olókùú gan-an ló mú wa pé!"

Leandro rò ó wò. Bó bá sọ pé òun kì í ṣe Júù, àdúrà ti dàrú. Bó bá dákẹ́, àdúrà ti dàrú náà ni, òun nìkan ló kàn mọ̀. Ó wo ilẹ̀kùn. Ọwọ́ bàbá wà léjìká rẹ̀. Ó ṣí ẹnu, ó sì gba àdúrà òkú tó ti há sórí bí ọ̀rọ̀ eré fún ìyá rẹ̀ tó wà láàyè, ní ohùn tó dùn, ohùn eléré. Nígbà tó kan Don Isidoro, bàbá kò lè parí tirẹ̀. Ẹkún gbé e. Ẹkún àtìgbà ọmọdé, ọjọ́ yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ríbi jáde.

Bí Leandro ṣe dé ìta, tẹlifóònù ló sáré lọ bá.

"Màmá! Ṣé ara yín yá?"

"Ó yá. Otútù ló kàn ń ṣe mí díẹ̀," ni Ofelia wí, ó sì wúkọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ náà fẹ̀yìn ti ògiri, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tún sun oorun gidi mọ́ títí ìyá rẹ̀ fi gbádùn.

Alẹ́ ọjọ́ tí eré bẹ̀rẹ̀, gbọ̀ngàn kún dé ẹnu ọ̀nà. Rédíò ti kéde rẹ̀, orúkọ Leandro sì wà nínú ìkéde náà. Ta ló gbọ́ rédíò ọ̀hún ní Azul nídìí agbada òróró? Ofelia ni. Ó wọ aṣọ ìsinmi rẹ̀, ó di pastelito sínú páálí, ó bá wọ ọkọ̀ rélùwéè. Ó fẹ́ ya ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

Leandro wà lẹ́yìn kọ́tìnì, ó ń yọjú láti ojú ihò. Don Isidoro ti jáde lọ síwájú, òun àti irun imú aṣọ́lé rẹ̀, ó gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ènìyàn mi, kẹ́ ẹ tó kórìíra mi lálẹ́ yìí, ẹ jẹ́ kí n ṣe rere kan ṣoṣo." Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Eré òní, a fi rántí ìyá kan tí ikú kò jẹ́ kó wá wo ọmọ rẹ̀. Ofelia, ìyá Leandro Bustos wa. Ẹ bá mi dìde."

Gbogbo gbọ̀ngàn dìde.

Ní ìlà kejì, obìnrin kan náà dìde. Páálí wà láyà rẹ̀, àmì Màríà sì wà lókè páálí. Ẹ̀rín ló fi dìde, nítorí ó rí i pé gbogbo èèyàn dìde. Leandro rí ẹ̀rín náà bó ṣe ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń dúró fún ọ̀wọ̀ òkú ara rẹ̀.

Wọ́n jókòó. Òun náà jókòó. Kọ́tìnì ṣí.

Doña Perla ti Leandro sórí ìtàgé. "Bọ́ síta, kí lò ń wò!"

Ẹsẹ̀ ń lọ, ẹnu ń sọ̀rọ̀, ẹni tó ni wọ́n kò sí níbẹ̀. Àwọn èèyàn ń rẹ́rìn-ín títí omi ń bọ́ lójú wọn. Aṣọ́lé ń bú Júù, Beni ń mi orí. Nígbà tí eré wá dé góńgó, aṣọ́lé di Beni léjìká mú.

"Ìwọ nìkan ló kù fún mi, ọmọ mi! Sọ fún wọn! Sọ fún wọn pé o kì í ṣe ọ̀kan nínú wọn! Ta ni ìyá ẹ?"

Ìdáhùn tó wà nínú eré ni, "Júù ni mí. Ìyá mi ni Júù, ìyá tó bí i náà ni Júù." Ibẹ̀ ni gbogbo àwàdà náà ń lọ.

Leandro la ẹnu. Kò sí nǹkan níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ti bọ́ sínú ojú ìyá rẹ̀.

Gbogbo òǹwòran ń dúró. Wọ́n rò pé eré ni. Doña Perla ń sọ ọ̀rọ̀ náà kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lẹ́yìn kọ́tìnì: "Ìyá mi ni Júù... ìyá mi..."

"Ta ni ìyá ẹ?" Aṣọ́lé tún bi í.

Ohùn kan sì dìde láti ìlà kejì, jẹ́ẹ́, bí ìgbà tí ìyá ń ki ọmọ rẹ̀ láyà ní ilé ìwé.

"Sọ ọ́, ọmọ mi. Sọ ohun tí wọ́n ní kí o sọ. Mi ò bínú."

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín gbàà, wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n rò pé obìnrin náà wà nínú eré. Don Isidoro nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo obìnrin náà. Ó wo Leandro. Imú kan náà, àgbọ̀n kan náà. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà léjìká ọmọ náà. Leandro mọ̀ ọ́n lára nígbà tí ọwọ́ náà tú.

Lẹ́yìn ìtàgé, Ofelia wọlé wá òun àti páálí rẹ̀.

Doña Perla ní, "Màmá, ta lẹ̀ ń wá?"

"Èmi ni òkú yẹn," ni Ofelia wí.

Leandro wólẹ̀ síbẹ̀. Ó ń wí tẹnu rẹ̀, kò já síbì kan: ó fẹ́ sọ ọ́, kò rí ibi sọ ọ́, eré náà, ọbẹ̀ adìẹ náà...

Doña Perla ní, "Mo bi ẹ́. Mo bi ẹ́ lójú kòrókòró! Gbogbo ilé ń purọ́ pé Júù làwọn nínú eré mi, àṣé ìwọ náà!" Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín.

Don Isidoro ṣí irun imú náà kúrò díẹ̀díẹ̀. Láìsí i, ó wá rí bí arúgbó.

"Ẹni mẹ́sàn-án ni wá lọ́jọ́ yẹn, àbí?"

"Bàbá, ẹ dárí jì mí."

"Ẹni mẹ́sàn-án. Ọjọ́ náà ńkọ́? Ibo lo ti rí i?"

"Ó kàn wá sí mi lẹ́nu ni, bàbá."

Ofelia bọ́ sáàárín wọn. "Ẹ bínú sí mi, sà. Èmi ni mo bí i."

Bàbá yíjú sí i, ojú rẹ̀ sì rọ̀. "Màmá, inú mi dùn pé ẹ wà láàyè. Àwọn òkú tí mo mọ̀ pọ̀. Ẹ̀yin nìkan lẹ tíì padà wá." Ó mú pastelito kan nínú páálí, ó jẹ ẹ́ lórí ìdúró, ṣúgà ń dà sára aṣọ aṣọ́lé. Lẹ́yìn náà ló sọ̀rọ̀ láì wo Leandro. "Irọ́ ni ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ìyá mi ti gbà á. Ta ló máa lọ gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Doña Perla kò jẹ́ kí Leandro lọ. Tíkẹ́ẹ̀tì ti tà dé ìparí oṣù. Ìyẹn gan-an ni ìyà tó jẹ ẹ́ jù. Alẹ́ dé alẹ́, Don Isidoro á dì í mọ́ra lórí ìtàgé, á pè é ní "ọmọ mi." Kọ́tìnì á pa dé. Bàbá á gbé fìlà rẹ̀, á gba ẹ̀gbẹ́ Leandro kọjá bí ẹni gba ẹ̀gbẹ́ òpó. "Ọmọ mi" inú eré yẹn nìkan ló kù tí Leandro ń rí gbọ́ lẹ́nu rẹ̀, ó sì ń yára dé orí ìtàgé kó lè gbọ́ ọ. Nígbà tí eré parí, èyí náà tán.

Ofelia kò bá a wí. Ìgbà kan péré ló sọ ọ́, ní Azul, ó ń pọ ìyẹ̀fun lọ́wọ́: "Ṣé àìsàn ni o ní ó pa mí, àbí ìjàǹbá ọkọ̀?"

"Wọn ò bi mí, Màmá."

"Hùn-ún. Ó ti dáa."

Ọdún yí po. Oṣù kẹfà dé, ọjọ́ kẹrìnlélógún rẹ̀ pé. Leandro ò lè jókòó. Ó lọ dúró sí ẹnu ọ̀nà sínágọ́gù kékeré náà nínú otútù. Ó rí Don Isidoro tó wọlé pẹ̀lú àbẹ́là kan ṣoṣo. Ó rí àwọn yòókù. Àṣálẹ́ ń lé wọn, ẹnì kan kò sì tún wá mọ́. Láti ojú fèrèsé, ó rí bí wọ́n ṣe ń fi ẹsẹ Sáàmù yẹn ka orí ara wọn. Wọ́n tún un kà. "Títí láé" kò rí orí bọ́ sí.

Kí ni òun lè ṣe? Kò lè wọlé. Bó bá wọlé, ẹni mẹ́sàn-án ṣì ni wọ́n.

Ló bá bọ́ sójú títì. Ó ń dá àwọn èèyàn dúró.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé Júù ni yín?"

Gbólóhùn aṣọ́lé gẹ́lẹ́ ni! Ní ìlú tí sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí àlééfà, ta ni wọ́n ń bi ní ìbéèrè yẹn lójú títì? Ọkùnrin kan yára fò sódì kejì. Òmíràn ní, "Kí ló kàn ẹ́, ìwọ ẹranko?" ó tutọ́ síwájú bàtà rẹ̀. Leandro nu bàtà. Ó tún bi ẹlòmíràn. Ó ń bẹ̀ wọ́n, eyín rẹ̀ ń lu ara wọn nítorí otútù.

Nígbà tó ṣe, ọkùnrin kan tó mú ìwé ìròyìn lọ́wọ́ dúró. "Bó bá jẹ́ pé Júù ni mí, kí lo fẹ́ fi mí ṣe?"

"Wọ́n ku ẹnì kan nínú ilé yẹn, sà. Bàbá kan fẹ́ gbàdúrà fún ìyá rẹ̀."

Ọkùnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó gbé ìwé ìròyìn rẹ̀ sábẹ́ apá, ó wọlé. Kò pẹ́, Leandro gbọ́ ohùn àwọn bàbá. Ó gbọ́ ti Don Isidoro láàárín wọn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó parí rẹ̀.

Ilẹ̀kùn ṣí. Don Isidoro ló yọjú, òun fúnra rẹ̀. Ayé Leandro dúró. Ó ti gbé ẹsẹ̀ kan sórí àtẹ̀gùn.

Bàbá wo ẹsẹ̀ náà. Ó wo ojú rẹ̀ tó ti gan fún otútù.

"Otútù ń mú," ni bàbá wí. "Lọ sílé lọ bá ìyá ẹ."

Ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé.